KÒKÒRÒ TÍ OJÚ KÒ RÍ, ÒPÌTÀN ÌRAN WA: Iṣẹ́ Tí Wọ́n Ń Ṣe Ní Ẹdẹ



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kòkòrò tí ó ń bá ọmọ ènìyàn jà. Ara wa, omi wa, oúnjẹ wa, àti ẹran tí ó wà láyìíká wa ni ó fi ṣe ilé. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ti ara ẹ̀fọ́ ṣeé fi ọwọ́ mú jù nù, ṣùgbọ́n tiwa, ojú lásán kò lè rí i.

Bí a bá dárúkọ Ẹdẹ, ìlú Tìmì ni ó ń wá sí ọkàn àwọn ènìyàn, ìlú onílù, ìlú tí Tìmì Habibu Lágúnjú ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù láti nǹkan bí àádọ́jọ ọdún ó lé sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2014 ni ohun mìíràn tún ti sọ Ẹdẹ di ìlú tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ òkèèrè ń dárúkọ. Ní Yunifásítì Redeemer's, tí ó wà ní Ẹdẹ, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń ka àbùdá àwọn kòkòrò tí ń fa àrùn. ACEGID ni wọ́n ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí Institute of Genomics and Global Health ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ni olórí rẹ̀. Obìnrin sì ni igbá-kejì rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Onikepe Folarin.

Àwọn ènìyàn a máa bi àwa tí a ń bójú tó mọ́sáláṣí léèrè pé, "Àlùfáà, kí ni wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn ṣe níbẹ̀? Ǹjẹ́ ó bá ẹ̀sìn mu? Bí wọ́n bá ní kí ọmọ mi fún wọn ní ẹ̀jẹ̀, kí n gbà, àbí kí n kọ̀?" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín tàbí ìbínú dáhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ìdí rẹ̀.

ÌWÉ TÍ A KÒ FI TÀDÁWÀ KỌ

Gbogbo ohun tí ó ní ẹ̀mí ni Ọlọ́run fi ìwé kan sí nínú, ìwé tí ó ń sọ bí ara rẹ̀ yóò ṣe rí àti bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ń pe ohun tí a kọ ọ́ sí ní DNA, tàbí RNA nínú àwọn kòkòrò mìíràn. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́. Ti ènìyàn gùn tó lẹ́tà bílíọ̀nù 3. Ti kòkòrò Kòrónà jẹ́ nǹkan bí 30,000, ti Ẹ̀bólà nǹkan bí 19,000, ti ibà Lassa kò sì ju nǹkan bí 11,000 lọ. Nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé géńdé ṣánlẹ̀!

Ẹni tí ó bá lọ ilé kéwú rí yóò tètè mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé náà. Kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó pọ̀, ọwọ́ ni àwọn ọmọ kéwú fi ń da ìwé kọ. Mo fi Àlùkùránì sílẹ̀ o, nítorí Allah fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ, àwọn tí ó sì há a sórí pọ̀ ní gbogbo ayé. Ìwé fíkíhì àti ìwé èdè Lárúbáwá ni mò ń wí. Bí Akẹ́ẹ̀kọ́ kìíní bá ṣi háráfì kan kọ, tí ẹlòmíràn sì dà á kọ láti ọwọ́ rẹ̀, àṣìkọ náà yóò bá a lọ. Ẹni kẹta yóò gba àṣìkọ àkọ́kọ́, yóò sì fi tirẹ̀ kún un. Bí àgbà àlùfáà kan bá wá tẹ́ gbogbo ìwé náà síwájú, tí ó ń wo àṣìkọ inú wọn, yóò mọ ẹni tí ó da ìwé kọ láti ọ̀dọ̀ ẹni, yóò mọ ìwé tí ó pẹ́ àti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kódà bí kò sí ẹnì kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà láyé mọ́.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Ẹdẹ nìyẹn. Kòkòrò a máa da ìwé ara rẹ̀ kọ bí ó ti ń bí ọmọ, ó sì máa ń ṣi háráfì kọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìkọ wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ń kà bí ẹni ń ka oríkì ìdílé. Wọ́n lè fi mọ ìlú tí àrùn ti wá, ìgbà tí ó wọlé, àti bóyá ọ̀dọ̀ ènìyàn ni ènìyàn ti kó o tàbí láti ara ẹran.

Ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi tú àṣírí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá tí ó pa àìmọye ènìyàn ní ilẹ̀ Lárúbáwá, Íjíbítì àti Yúróòpù láti ọdún 1347 lọ. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ròyìn pé àwọn ti rí àmì kòkòrò àrùn náà nínú eyín àwọn òkú tí a sin ní ọdún 1338 sí 1339 ní ilẹ̀ Kyrgyzstan, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ sára òkúta sàréè pé àjàkálẹ̀ àrùn ni ó pa wọ́n. Ní ayé àrùn náà gan-an, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan wà ní Granada, Ibn al-Khatib ni orúkọ rẹ̀. Ó kọ̀wé pé àrùn náà ń ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, pé aṣọ, ohun-èlò, kódà yẹtí, lè gbé e. Ó wí èyí ní ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fojú rí kòkòrò kan. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe lónìí ni Mùsùlùmí ti ń fi ojú òye wo àrùn.

Ẹ̀BÓLÀ ÀTI ÌWẸ̀ ÒKÚ

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014 ni ọkùnrin kan gúnlẹ̀ sí Èkó láti Làìbéríà pẹ̀lú àrùn Ẹ̀bólà lára. Àwọn onímọ̀ Ẹdẹ wà lára àwọn tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ìlú tó mọ ohun tí ó dé. Ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 sì kú nínú wọn. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, obìnrin akíkanjú tí kò jẹ́ kí aláìsàn náà jáde sí ìgboro, wà lára àwọn tí ó fi ẹ̀mí dí i. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ní Sàró kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà Sheik Humarr Khan, tí ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ní Kenema, òun àti àwọn onímọ̀ Ẹdẹ àti ti Amẹ́ríkà jọ ka ìwé àbùdá kòkòrò Ẹ̀bólà 99 láti ara aláìsàn 78. Wọ́n rí i pé kì í ṣe pé ẹran ìgbẹ́ ń kó o ran ènìyàn lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó ti ara ẹran bọ́ sí ara ènìyàn, láti ìgbà náà ni ènìyàn ti ń kó o ran ènìyàn. Ibi tí ó sì gbà wọ Sàró ni ìsìnkú oníṣègùn ìbílẹ̀ kan nítòsí ààlà Gínì, níbi tí àwọn obìnrin tí ó ju mẹ́wàá lọ ti kó o. Dókítà Khan kò rí ìwé tí wọ́n jọ kọ kí ó tó jáde. Ẹ̀bólà pa á ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2014. Nínú àwọn tí orúkọ wọn wà lórí ìwé náà, àwọn 5 ni ó ti kú kí a tó tẹ̀ ẹ́. Kí Ọlọ́run san án fún gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń wẹ òkú obìnrin, ẹ fi etí sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ òkú Mùsùlùmí ni kí a wẹ̀ ẹ́, kí a sì wọ aṣọ òkú fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa kò ní kí a fi ẹ̀mí alààyè san ẹ̀tọ́ òkú. Nínú ìlànà ìsìnkú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, wọ́n fi àyè sílẹ̀ pé kí a ṣe tàyámọ́mù fún òkú Mùsùlùmí dípò ìwẹ̀ olómi, láti ọwọ́ ẹni tí ó wọ aṣọ ìdáàbòbò. Bí a kò bá ka ìwé kòkòrò náà, ta ni ìbá mọ̀ dájú pé ibi ìsìnkú ni iná ti ràn?

KÒRÓNÀ, ÀTI ÀRÙN TÍ Ó FARA PAMỌ́ FÚN ỌDÚN 8

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ará Ítálì kan tí ó wọ Èkó ní àrùn Kòrónà. Wọ́n gbé ohun tí wọ́n gbà lára rẹ̀ lọ sí Ẹdẹ. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, wọ́n ti ka ìwé àbùdá kòkòrò náà tán, wọ́n sì ti tẹ́ ẹ síta fún gbogbo ayé. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Kò pẹ́ sí i ni ènìyàn 127 wọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ wa yìí láti Côte d'Ivoire, wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ wọ́n wò, nítorí Èjìgbò àti Àbíjàn dà bí ilé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé díẹ̀ nínú wọn ti kó o. Bí a bá ti jẹ́ kí wọ́n kàn wọ ilé lọ bá bàbá àti ìyá arúgbó, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀.

Àrùn mpox, tí ó máa ń sú sí ara bí ilẹ̀-gbígbóná, ni èkejì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni ó tún yọjú ní Nàìjíríà lẹ́yìn ọdún 39. Ní ọdún 2022 ó tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn onímọ̀ Ẹdẹ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ka ìwé rẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2025. Ara ènìyàn a máa gbógun ti kòkòrò yìí, ogun náà a sì máa fi àmì kan sí ara ìwé àbùdá kòkòrò náà. Wọ́n ka àmì wọ̀nyí bí ẹni ń ka ilà ojú, wọ́n sì rí i pé láti ọdún 2014 ni ó ti ń lọ láti ọ̀dọ̀ ènìyàn sí ènìyàn ní gúúsù Nàìjíríà, ọdún 8 gbáko kí ayé tó kígbe. A kò tètè wá a ni a kò ṣe tètè rí i.

IBÀ LASSA ÀTI Ẹ̀JẸ̀ ỌMỌ YORÙBÁ

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ìran wa gan-an.

Ní ọdún 1969 ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ mọ ibà Lassa, tí wọ́n sọ orúkọ ìlú Lassa ní Borno mọ́ ọn. Àwọn ènìyàn rò pé ọdún náà ni ó dé ayé. Ní ọdún 2015, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ Ẹdẹ, ti Irrua, ti Kenema àti ti Amẹ́ríkà ka ìwé kòkòrò náà tí ó tó nǹkan bí 200, wọ́n rí i pé ó ti wà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí láti nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, àti pé nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn ni ó tó ta dé apá Sàró. Àwọn baba-ńlá wa ti ń kú ikú yìí tipẹ́tipẹ́, wọn kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Ohun ìyanu kan tún wà. Nínú iṣẹ́ kan tí gbogbo ayé jọ ṣe, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ìdílé Yorùbá 30 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, ènìyàn 90 lápapọ̀, fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ kí a lè ka àbùdá wọn. Ní ọdún 2007, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pardis Sabeti, obìnrin tí a bí ní Iran tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ náà pé àbùdá kan tí à ń pè ní LARGE ti yí padà lára ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá. Àbùdá yìí ní ọwọ́ nínú ìlẹ̀kùn tí kòkòrò Lassa ń gbà wọ inú ara. Wọ́n fura pé láyé àtijọ́, àwọn tí wọ́n ní ìyípadà yìí ni ó là nígbà tí àwọn mìíràn kú, àwọn ni ó bí ọmọ, ọmọ wọn sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2024, wọ́n fi àwọn tí ó ní Lassa wé àwọn tí kò ní, wọ́n sì rí i pé ìyípadà náà bá ààbò lọ́wọ́ ibà Lassa rìn ní Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí irú rẹ̀ ní Sàró.

Ẹ má ṣe gbọ́ èyí kí ẹ ní Lassa kò lè pa Yorùbá. Ó ń pa wá. Ní ọdún 2018, nígbà tí ó jà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìbẹ̀rù mú gbogbo ìlú pé kòkòrò tuntun kan ti dé tí ó ń ràn bí ọ̀yẹ́. Àwọn onímọ̀ ka ìwé rẹ̀ kíákíá, wọ́n ní rárá o: àwọn ti àtijọ́ ni, ọ̀dọ̀ èkúté ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ti kó o lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkúté náà ni èyí tí ọmú rẹ̀ pọ̀, tí í máa wọ inú ilé àti àká. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lára oúnjẹ ni ewu. Nítorí náà, inú ilé ìdáná ni a ti ń ja ogun yìí. Ìyá ilé ni ọ̀gá ológun.

Ànọ́bì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ti pàṣẹ pé kí a máa bo ohun-èlò wa lálẹ́, kí a di ẹnu ìgò omi, kí a ti ìlẹ̀kùn, ó sì kìlọ̀ fún wa nípa èkúté. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa! Ẹni tí ó bá bo gààrí rẹ̀, tí kò sá a sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó da ìdọ̀tí ilé rẹ̀ nù jìnnà, tí kò jẹ́ kí ọmọ fi èkúté ṣe ẹran jẹ, sùnnà ni ó ń tẹ̀ lé, ìlera ni ó sì ń jẹ.

IBÀ, ÀTI KÍ A TÓ SO YÌGÌ

Ibà ẹ̀fọn náà ti kọ ìtàn sí ara wa. Ní ọdún 1954 ni oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Allison fi hàn pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS kì í tètè kú ikú ibà. Ìdí nìyẹn tí AS fi pọ̀ láàárín wa, tí ó fi jẹ́ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ní i. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ méjì, tí Charles Rotimi ọmọ Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ka àbùdá náà sẹ́yìn, wọ́n ní ó lè jẹ́ pé ara ẹnì kan ṣoṣo ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó gba baba-ńlá wa là ṣe di ẹkún ìyá lónìí. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀yin òbí, kí àwọn ọmọ tó wọ inú ìfẹ́ jìnnà, kí a tó so yìgì, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju àìsùn ogún ọdún lọ.

KÌ Í ṢE GBOGBO KÒKÒRÒ NI Ọ̀TÁ

Kòkòrò tí ojú kò rí tí ó wà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan wa pọ̀ tó àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ara wa fúnra rẹ̀ fi ṣe ara, púpọ̀ nínú wọn sì ń ṣe wá ní oore. Kòkòrò ikùn kan tiwa wà tí ọmọ ènìyàn gbé jáde ní Áfíríkà ní nǹkan bí 60,000 ọdún sẹ́yìn. Nípa wíwo ìyàtọ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, àwọn onímọ̀ ń mọ ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà tàn ká orí ilẹ̀.

Èyí tí yóò dùn mọ́ àwọn ìyá nínú jù ni ti ọmú. Oríṣi ṣúgà kan wà nínú omi ọmú tí ikùn ọmọ ìkókó kò lè dà rárá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń ṣe kàyéfì pé kí ni ìlò rẹ̀. Wọ́n wá rí i pé oúnjẹ àwọn kòkòrò rere inú ìfun ọmọ ni! Ìyá ń bọ́ ọmọ, ó sì ń bọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ọmọ. Allah tí ó sọ nínú Àlùkùránì pé ọdún méjì gbáko ni fífún ọmọ lọ́mú fún ẹni tí ó bá fẹ́ pé e, Òun ni ó mọ ohun tí ó fi sínú rẹ̀.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

Èkíní: ǹjẹ́ ó bá ẹ̀sìn mu? Àwọn mìíràn ní Ọlọ́run ni ó ń fún ni ní àrùn, kí ni a ń wá? Ní ayé Kálífà Úmárù, nǹkan bí ọdún 18 lẹ́yìn Híjírà, àjàkálẹ̀ àrùn wà ní ilẹ̀ Ṣáàmù. Úmárù dé ìtòsí ibẹ̀, ó sì pinnu láti padà. Abu Ubaydah bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́run ni. Èsì rẹ̀ ni pé láti inú kádàrá Ọlọ́run kan ni òun ń lọ sínú kádàrá Ọlọ́run mìíràn. Lẹ́yìn náà ni Abdurrahman ọmọ Awf mú hádíìsì wá pé Ànọ́bì ti ní kí a má ṣe wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn wà, kí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ má sì sá jáde. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí àrùn gbà wọlé, iṣẹ́ Úmárù ni ó ń ṣe.

Ní ti bí ara ènìyàn ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, ohun tí a sọ nípa AS àti LARGE jẹ́ ohun tí a rí nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan tún ń sọ̀rọ̀ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ Ànọ́bì Ádámà sì wà nínú ìgbàgbọ́ wa láìyẹsẹ̀. Kò sí ohun tí ó ní kí ẹni tí ó gba Ádámà gbọ́ má ka ìwé àrùn.

Èkejì: ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Onígbàgbọ́ ni Redeemer's. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn fi yé wa pé lẹ́yìn ogun Bádírì, àwọn tí a mú lẹ́rú tí wọ́n mọ̀wé kọ́ àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní ìwé kíkọ gẹ́gẹ́ bí ìràpadà wọn. Bí Ànọ́bì bá lè gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé idà kò ó, kí ni a ó fi kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò tí a jọ ń ná ọjà? Kòkòrò kì í béèrè ẹ̀sìn kí ó tó wọlé.

Ẹ̀kẹta: kí ni kí a ṣe bí wọ́n bá ní kí a fún wọn ní ẹ̀jẹ̀? Ẹ má sá, ẹ má sì dijú. Ẹ béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ wọn àti ìwé àṣẹ. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ náà wá, ibi tí wọn yóò gbé e sí, àti bóyá wọn yóò sọ èsì rẹ̀ fún yín. Ẹ mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ fún ìwádìí, ẹ lè gbà, ẹ lè kọ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ dù yín ní ìtọ́jú nítorí pé ẹ kọ̀. Ìyá tí kò lè ka ìwé, kí ó pe ọmọ tàbí àbúrò tí ó lè kà á kí ó tó tẹ̀ka. Ẹni tí ó bá béèrè kò ṣe àfojúdi. Àwọn onímọ̀ rere máa ń fẹ́ kí a béèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òdì kejì pẹ̀lú. Ní ọdún 2018, ibà kan tí wọn kò mọ̀dí ń pa àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ránṣẹ́ sí Ẹdẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ibà pọ́njú ni, àrùn tí ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí gbogbo àwọn aláìsàn náà bá ti kọ̀, títí di òní ni à bá máa pe ikú náà ní àfọwọ́fà àjẹ́, tí a ó sì máa bá ìyá arúgbó aláìṣẹ̀ kan jà.

Ọ̀rọ̀ mi ìkẹyìn, ẹ̀yin òbí ọmọbìnrin ni mo ń bá wí. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ti wà lára ohun tí gbogbo ayé fi ń kọ́ ìmọ̀ yìí láti ogún ọdún ó lé. Ṣé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni a ó máa mú wá, tí ẹlòmíràn yóò sì máa kà á fún wa? Obìnrin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Sabeti, obìnrin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Folarin, obìnrin ni Dókítà Adadevoh. Ọmọbìnrin yín tí ó gbọ́n nínú ìṣirò, tí ó wọ ìjáàbù rẹ̀ lọ sí ilé ìwé, ẹ má ṣe fà á kúrò ní ìdajì nítorí ọkọ tàbí ọjà. Ẹ jẹ́ kí ó ka Àlùkùránì rẹ̀ dáadáa, kí ó sì ka ìwé kejì yìí pẹ̀lú, èyí tí Ọba Adẹ́dàá kọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò jìnnà sí wa. Ẹ̀bá ilé wa ni.

Kí Allah dáàbò bo gbogbo ilé Mùsùlùmí lọ́wọ́ àrùn tí a rí àti èyí tí a kò rí, kí ó fi ìmọ̀ tí ń ṣe ni ní àǹfààní ta wá lọ́rẹ. Àmín.